Ìpè Aago Mẹ́rin

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pàdé Beatrice ìyàwó mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ní ọdún 1994, ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ó wà níwájú mi lórí ìlà oúnjẹ àárọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àyè mi mú, mo gbàgbé kọ́ọ̀pù mi." Mo di àyè náà mú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń kọjá, èmi ò kúrò lójú kan, títí oúnjẹ fi tán. Nígbà tó fi dé, ìkòkò ti gbẹ, ebi sì ń pa àwa méjèèjì. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà la ṣègbéyàwó ní Adó-Èkìtì.

Ìgbà kejì jẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nínú ilé oníyàrá méjì tí mo ń gbé ní Lugbe, ní Abuja. Ìgbà kejì yìí ni mo fẹ́ sọ.

Orúkọ mi ni Adébíyì. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ń ṣe. Ọdún 2004 ni wọ́n gbé mi wá sí Abuja. Beatrice ń ṣe tíṣà lábẹ́ ìjọba Èkìtì, a sì jọ gbà á pé kó má fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ọdún tó ti lò níbẹ̀ má baà ṣòfò. Jọlá, ọmọ wa kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. A ní fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ìgbà díẹ̀ yẹn di ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo máa ń lọ sílé fún Kérésìmesì àti ọdún Àjíǹde. Òun náà máa ń wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. A kì í jà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi a máa fi wá ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Èmi náà gbà pé ìgbéyàwó wa dára.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, Beatrice wọ ọkọ̀ wá sí Abuja. Báàgì kékeré kan ló gbé dání, aṣọ ọjọ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta tó dé ni ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ọ̀nà dí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n pè é," ni mo wí fún un. "Fara balẹ̀."

Báàgì rẹ̀ ló ń wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo po tíì fún un, mo da mílíìkì sí i dáadáa, mo fi ṣúgà mẹ́ta sí i bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀.

"Dádì Jọlá, mi ò mu tíì mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó ń sùn sí mọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń lo awò ojú láti kàwé. Nígbà tí aṣọ rẹ̀ tán, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń gbálẹ̀ kiri ilé, èmi sì ń wò ó láti orí àga bí ẹni tí kò rí obìnrin rí. Ó wù mí. Ojú ń tì mí láti sọ fún un, nítorí ó dà bíi pé mo fẹ́ bá ìyàwó oníyàwó sọ̀rọ̀.

Ní ti àkókò, mi ò mọ ibi tó gbà lọ. Ilé mi kò jìnnà sí ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bàálù àkọ́kọ́ ló máa ń jí mi. Wọ́n dá bàálù dúró, ojú ọ̀run dákẹ́, láti ìgbà náà ni mi ò ti mọ aago mọ́. Màá jí, màá jókòó, màá sùn, màá tún jí, ó ṣì jẹ́ aago mọ́kànlá àárọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ a sì tún lọ, mi ò ní lè ka ohun kan tí mo ṣe nínú rẹ̀. Mo wẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo so táì, mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú fáìlì mi.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni Beatrice béèrè.

"Ìpàdé orí fóònù. Ṣebí ọjọ́ Ajé lónìí."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta lónìí, Dádì Jọlá."

Ti Beatrice kò rí bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ rẹ̀ kún. Ó ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá, ó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì, ó ń bá àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wí. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gééré, fóònù rẹ̀ á dún, á gbé e, á jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé, á sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Ta ni?" ni mo bi í lọ́jọ́ kẹrin.

"Festus ni. A jọ ń kọ́ àwọn ọmọ náà ni. Òun ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò."

Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan ń ṣe máa ń gbọ́ nǹkan. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mo tẹ́tí.

Èdè Èkìtì ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́fà á ti sá kọjá. Yorùbá ilé-ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì là ni èmi àti òun ń sọ, mi ò sì mọ̀ pé èdè ìyá rẹ̀ ṣì dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé "ìwọ" ló ń pe Festus. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni èmi ti ń jẹ́ "ẹ̀yin". Ó ń bá ọkùnrin náà ṣàwàdà, ó ń dá a lóhùn láìro ọ̀rọ̀ wò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà á ṣì kù sí i lójú nígbà tó bá wọlé. Bó bá ti rí mi, ẹ̀rín náà á kúrò.

Owú mú mi. Mi ò rí orúkọ mìíràn fún un. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mo wá ń ka ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ Ajé, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Lọ́jọ́rú, mẹ́rìnlélógún. Nínú gbogbo ọjọ́ tó ti dà pọ̀ mọ́ra wọn yẹn, aago mẹ́rin nìkan ló kù tí mo mọ̀. Láti aago méjì ni màá ti máa wo fóònù rẹ̀. Ó dà bíi pé Festus ló ń bá mi yí aago ilé mi.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, a gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí oníkálùkù gbàdúrà ara rẹ̀, Beatrice kúnlẹ̀, ó gbàdúrà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò gbàdúrà. Orúkọ tó ń pè wúyẹ́wúyẹ́ nínú àdúrà rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Nehemiah, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ọkùnrin ló ń pè é?" ló béèrè.

"Ọkùnrin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lójoojúmọ́? Níṣojú rẹ? Adébíyì, gba fóònù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀! Ṣé kì í ṣe ìyàwó rẹ ni? Mo ti sọ fún ẹ nígbà náà pé kí o mú obìnrin yìí dání lọ sí Abuja. O ní iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ ìjọba náà nìyẹn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìpè aago mẹ́rin bá Beatrice ní balùwẹ̀. Fóònù ń dún lórí ibùsùn. Mo gbé e.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ni mo wí.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ṣé Dádì Jọlá nìyẹn? Festus ni, sà. Inú mi dùn láti gbọ́ ohùn yín."

"Kí lẹ fẹ́?"

"Kò sí nǹkan, sà. Mo ní kí n béèrè bóyá inú tó ń run ìyá Jọlá ti rọlẹ̀. Oògùn tó kù lọ́wọ́ wọn kò lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo sì ń rò ó bí wọn yóò ṣe rí òmíràn rà lọ́hùn-ún. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ yẹn, tí wọn ò bá lò ó…"

"Iṣẹ́ abẹ wo?"

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo pè."

Nígbà tí Beatrice jáde láti balùwẹ̀, mo ṣì di fóònù náà mú.

"Beatrice, iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

Ó jókòó sí etí ibùsùn. "Fáíbírọ́ìdì ni. Oṣù kẹwàá, ọdún 2017."

"Irọ́ ni. Ǹ bá ti rí àpá rẹ̀."

"Ojú ibi tí wọ́n là láti gbé Jọlá jáde ni wọ́n tún gbà. Ẹ ti rí i. Ẹ ò kàn mọ̀ pé ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì."

Mo ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá yẹn. Mo ti fọwọ́ kàn án.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo pè yín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìdí bọ́jẹ́ẹ̀tì lẹ wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ní ẹ máa pè mí padà. Nígbà tí ẹ máa fi pè, wọ́n ti ṣe é tán, mo ti ń jókòó lórí ibùsùn. Ẹ ní, 'Ṣé àlàáfíà ni?' Mo ní àlàáfíà ni."

"Ta ló wá buwọ́ lùwé fún wọn?"

Mo ti mọ̀ kó tó dáhùn.

"Festus. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò mi lòun. Orí àga ló sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Jọlá ń ṣe ìdánwò ní Ìlọrin, mi ò fẹ́ kó gbọ́."

Ìbéèrè kan ló kù.

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

Beatrice fi aṣọ ìnura nu apá rẹ̀, ó tún nù ún. "Kò fọwọ́ kàn mí rí, tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ń béèrè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́. Lóṣù kìíní ọdún yìí, ó bi mí bóyá mo ní ọkọ. Bó ṣe bi mí nìyẹn, wẹ́rẹ́. Mo fẹ́ dá a lóhùn, mi ò rí ohun tí màá sọ. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sí Abuja lọ wò ó. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fẹ́ fi wò ó."

"Kí lo wá rí?"

"Mo rí ọkùnrin dáadáa kan tí kò mọ nǹkan kan nípa mi."

Ká ní ìgbà mìíràn ni, màá ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, màá ti jáde. Òun náà ìbá ti di báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè lọ. A bínú sí ara wa nínú yàrá méjì, a ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, a ń dúró de ara wa lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo sùn ní pálọ̀. Nehemiah ní kí n lé e lọ. Mo bi í pé ọ̀nà wo ni kó gbà. Jọlá pè láti Àkúrẹ́, níbi tó wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà.

"Mo gbọ́ lẹ́yìn ọdún kan, Dádì."

"O sì dákẹ́ fún mi?"

"Dádì, ẹ kì í béèrè nǹkan. Ẹ máa ń ní 'ṣé àlàáfíà ni', tí a bá ti ní àlàáfíà ni, ẹ ti gé fóònù."

Ọjọ́ tí wọ́n gbà wá láyè láti ra oúnjẹ, mo wọ ìbòmú, mo jáde. Mo bi aláta tó ń ta tòmátì pé ọjọ́ wo ni a wà. Ó rẹ́rìn-ín. "Kai, Ọ̀gá! Laraba ce." Ọjọ́rú ni, lédè Haúsá. Mo ra tòmátì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gba ilé lọ. Mo rìn dé etí títì márosẹ̀ tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Kò sí ọkọ̀ kan lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Mo jókòó sórí kọ́ńkéré ojú àgbàrá, mo gbé nọ́ńbà Festus jáde. Mo ti dà á kọ látinú fóònù Beatrice.

"Tíṣà Festus, Adébíyì ni."

"Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ ṣeun fún ọdún 2017."

Mi ò mọ̀ pé ohun tí màá sọ nìyẹn. Èébú ni mo tọ́jú sẹ́nu.

"Kò tọ́pẹ́, sà," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn wọn."

Ó dùn mí bíi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún mi. "Mo mọ̀. Ẹ má pè é ní aago mẹ́rin mọ́."

"Ṣé àwọn ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Kò mọ̀ pé mo pè yín."

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn fúnra wọn ni yóò sọ ìyẹn fún mi."

Ó kí mi pé ó dìgbà, ó sì gé fóònù pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, torí pé mo wá ìdí tí màá fi kórìíra ọkùnrin náà, mi ò rí i.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Beatrice. Ojú rẹ̀ yí padà.

"O pè é? Ta ló rán ẹ? Ṣé àpótí ni mí tí ẹ̀yin méjèèjì á jókòó máa ṣàdéhùn ẹni tó máa gbé e? Adébíyì, èmi ni màá sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún Festus, lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ sọ ọ́. Má tún dán irú ẹ̀ wò mọ́!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí ní "ìwọ". Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mo gbé tòmátì sílẹ̀.

"Kò burú," ni mo wí. "Mi ò ní tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bá mi sọ àwọn ọdún tí mi ò sí níbẹ̀."

"Ọdún wo?"

"Gbogbo wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti 2004."

Ó rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, ó ń gé àlùbọ́sà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2005 ni atẹ́gùn ká páànù ilé ìdáná lọ. Òun àti Jọlá sá sábẹ́ tábìlì, wọ́n ń kọrin kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n. Mo rántí pé ó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù nígbà náà. Mo rántí pé iye páànù ni mo béèrè.

Ọdún kan lójúmọ́ la ń sọ. Ọjọ́ wa wá ń kúrú. Mo máa ń jí pẹ̀lú ìfẹ́ láti gbọ́ èyí tó kàn. Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, mo lọ sí ìsìnkú, mo lo ọjọ́ méjì, mo padà. Ó sọ ọjọ́ kẹta fún mi, ọjọ́ tí àlejò ti tán nílé, tó jókòó sórí ibùsùn ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó ti jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì ilé ìdáná. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Ọdún 2013 ni Festus wọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

"Fo ọdún yẹn," ni mo wí.

"Tí mo bá fò ó, ìyókù ò ní yé ẹ."

Mo jókòó, mo gbọ́ ọ. Owú ń jẹ mí lára, mo sì ń gbọ́. Festus ló ń bá a gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Festus ló kọ́ Jọlá ní ìṣirò tó fi wọ yunifásítì. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí máàkì yẹn.

Ìpè aago mẹ́rin kò dúró. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé mọ́. Ó ń jókòó sí pálọ̀, ó ń sọ ọ́ níṣojú mi. Mi ò mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì. Nígbà tí oògùn rẹ̀ tán, ilé ìtajà oògùn mẹ́ta ni mo fẹsẹ̀ rìn dé ní Lugbe kí n tó rí i. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó wo òógùn tó ń ṣàn lójú mi, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi tó wọ̀ nù ún.

"Olówó orí mi," ló wí, jẹ́jẹ́.

Mo padà sí yàrá lọ́jọ́ náà.

Ní òpin oṣù kẹfà, ìjọba ní àwọn yóò ṣí ọ̀nà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá máa tó padà sílé-ẹ̀kọ́. Beatrice ní láti lọ. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ béèrè kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ wa ní Adó.

"Ipò olùdarí tí o ń dúró dè ńkọ́? Ṣebí oṣù kẹjọ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò."

"Mi ò ní jókòó fún un."

"Owú ló ń ṣe ẹ́, Adébíyì. Owú máa ń tán. Tó bá tán, wàá wá máa wò mí bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ."

"Owú ni," ni mo wí. "Mi ò ní sọ pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógún ni mi ò jowú rí. Ṣé ìyẹn ló dáa?"

Ní gáréèjì, kó tó wọ ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún Festus. Mi ò fẹ́ tàn ẹ́ jẹ. Tó o bá máa wá, wá gbé ni o. Má wá ṣọ́ mi."

Ilé náà fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ lẹ́yìn tó lọ. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fò padà, aago mi padà bọ̀ sípò, ọjọ́ sì gùn ju ti ìgbà kónílé-ó-gbélé lọ. Mo kọ lẹ́tà. Nehemiah ní orí mi ti dàrú, pé ta ló ń fi Abuja sílẹ̀ lọ sí Adó ní ìgbà tó kù díẹ̀ kó dọ̀gá. Mo ń pe Beatrice láràárọ̀, mo bi í ohun tó lá lálàá, ohun tó sè, ọmọ tó bí i nínú ní kíláàsì. Mi ò bi í nípa Festus. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà mi, mo kó ẹrù mi dé Adó.

Àlejò ni mí nínú ilé náà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń tan iná sí. Gbogbo ilẹ̀kùn tó ń ṣí wẹ́rẹ́ ni mo ń wò pé ta ló tún un ṣe.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì tí mo dé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Festus wá. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, irun ti tán lórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ ti jẹ. Mo ti ń retí ọkùnrin arẹwà. Owú mi tún pọ̀ sí i, torí pé mo wá rí i pé kì í ṣe ẹwà ló fi mú un.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, sà," ló wí, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mo dì í mú.

A jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Beatrice gbé omi wá. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo wá dágbére ni," ni Festus wí. "Wọ́n ti gbé mi lọ sí Ìkọ̀lé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀."

"Wọ́n gbé ẹ?" ni Beatrice béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ta ló ní kí wọ́n gbé ẹ?"

"Èmi ni mo béèrè. Lọ́jọ́ tí ẹ dá mi lóhùn, mo lọ kọ ọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Beatrice ti dá a lóhùn. Mi ò gbọ́ èsì tó fún un rí, mi ò sì bi í títí dòní. Festus mu omi rẹ̀ tán, ó dìde. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àrùn ò tíì jẹ́ ká máa bọ ara wa lọ́wọ́, nítorí náà a fi ìgbọ̀nwọ́ kan ara wa. Ó fi bàtà rẹ̀ tó ti jẹ yẹn rìn lọ sí títì.

Mo wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni ní pálọ̀. Beatrice wà ní ilé ìdáná, ó kọ̀yìn sí mi, ó ti ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo mọ ẹni tó ń sunkún sí. Owú gbá mi láyà lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo ọjọ́ tí mo lò ní Lugbe lọ. Ó wù mí kí n padà sí pálọ̀, kí n tan tẹlifíṣọ̀n, kí n ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Mo pa omi. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó yí padà, ó fi orí lé mi láyà, ó sì ń sunkún ọkùnrin mìíràn sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi.

"Má bínú," ló ń wí. "Adébíyì, jọ̀ọ́, má bínú."

"Sun ún tán," ni mo wí. "Mi ò lọ síbì kankan."